Bí Balùwẹ̀ Yín Kò Ṣe Ní Máa Bu

Tí àmì dúdú bá ti ń yọ ní igun àjà balùwẹ̀ tàbí láàárín táìlì, ohun tí wọ́n máa ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé ni kí wọ́n ra Hypo, kí wọ́n fi fọ ibẹ̀. Ibẹ̀ á funfun. Kí oṣù tó parí, dúdú náà á ti tún padà. Hypo ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Èbíbu ni dúdú yẹn, omi tó ń bọ́ ọ ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn.

Èbíbu ara ògiri àti èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó pẹ́ nílé, ẹbí kan náà ni wọ́n. Wọ́n ń fẹ́ ọ̀rinrin, wọ́n ń fẹ́ oúnjẹ, wọ́n sì ń fẹ́ ooru díẹ̀. Ìfófó ọṣẹ, ìdọ̀tí ara, eruku àti ọ̀dà ni oúnjẹ wọn, kò sì sí balùwẹ̀ tí a ti lè gbá ìwọ̀nyí mọ́ pátápátá. Ooru kò sì lè tán ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Ọ̀rinrin nìkan ló kù tí agbára wa ká. Ohun tí ẹ máa dì mú ni pé ohunkóhun tó bá tutù gbọ́dọ̀ gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48. Balùwẹ̀ tí èèyàn márùn-ún ń wẹ̀ nínú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ kò lè dá gbẹ fúnra rẹ̀. Àwa la máa gbẹ ẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń wá

Ibi tí dúdú náà wà á ti là yín lọ́yẹ̀. Tó bá jẹ́ àjà àti òkè ògiri, ooru omi gbígbóná tí a fi ń wẹ̀ ló ń gun òkè, tó ń di ẹ̀kán omi níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri, bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí ilẹ̀, tí ọ̀dà sì ń wú, tó ń ṣí, ó ṣeé ṣe kí ògiri máa fa omi láti ilẹ̀, tàbí kí páìpù máa jò nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ inú yàrá lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ògiri ṣáwà, ló ti yọ, omi ń gba àárín táìlì wọlé ni, àbí páìpù ṣáwà ló ń jò.

Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun tó ń jáde lára ògiri lè má jẹ́ èbíbu rárá. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i. Tó bá yọ́, iyọ̀ inú sìmẹ́ńtì ni. Èbíbu kì í yọ́. Ẹ má kàn fojú fo iyọ̀ náà o, nítorí omi tó ń gba inú ògiri kọjá ló gbé e jáde.

Tí kò bá dá yín lójú bóyá inú ògiri ni omi ti ń wá tàbí inú afẹ́fẹ́, ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, bíi sẹ̀ǹtímítà 50 níbùú lóròó. Ẹ nu ibi tí kò ní táìlì lára ògiri náà gbẹ, ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, kí ẹ fi téèpù di etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, inú ògiri ló ti wá. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tó kọjú sí yín ló tutù, afẹ́fẹ́ balùwẹ̀ ló gbé e wá.

Ti páìpù rọrùn láti mọ̀ nílé tó ní tánkì lókè. Lálẹ́, tí gbogbo ilé bá ti wẹ̀ tán, tí ẹ sì ti pa ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ sàmì sí ibi tí omi dé nínú tánkì. Ẹ tún wò ó láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí omi. Tó bá ti lọ sílẹ̀, ó ń jò níbì kan. Kí ẹ tó ní kí púlọ́ńbà fọ́ táìlì, ẹ wo tọ́lẹ́ẹ̀tì ná: ẹ da zobo díẹ̀ sínú omi tó wà nínú àpótí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìfà á. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá yọ nínú àwo, rọ́bà inú àpótí ló ti jẹ, ibẹ̀ ni omi tánkì ń bá lọ, kì í ṣe inú ògiri.

Afẹ́fẹ́

Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ìta gbẹ, fèrèsé ṣíṣí nìkan á gbẹ balùwẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Àsìkò òjò yàtọ̀. Ní Èkó nínú oṣù kẹfà, afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ ti mu omi yó. Fèrèsé ṣíṣí á lé ooru omi jáde lóòótọ́, àmọ́ kò ní gbẹ ara ògiri. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé fèrèsé àwọn ò dáa, nígbà tó jẹ́ pé àkísà ló kù tí wọn ò lò.

Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ojú fèrèsé. Eruku àti ìfófó ọṣẹ máa ń dí ihò rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi ní lè kọjá mọ́, fèrèsé á sì dà bíi pé ó ṣí. Ẹ máa tú u fọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Bí fèrèsé bá kéré tàbí tó kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíì, ẹ ra fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ má fi ojú yan ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ wọn gígùn, ìbú àti gíga balùwẹ̀ ní mítà, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, kí ẹ fi 8 sọ èsì di púpọ̀. Balùwẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 2.4, tí àjà rẹ̀ sì ga ní 2.7, á fún yín ní nǹkan bíi 78. Iye afẹ́fẹ́ tí fáànù gbọ́dọ̀ lé jáde ní wákàtí kan nìyẹn, ní kúbíìkì mítà. Nọ́ńbà yìí máa ń wà lára páálí rẹ̀ (m³/h). Kódà tí balùwẹ̀ bá kéré gan-an, ẹ má ra èyí tí kò tó 85.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí oníṣẹ́ da ẹnu fáànù sínú òkè àjà. Omi tó fà kúrò nínú balùwẹ̀ á lọ máa rẹ igi àjà àti POP, ẹ ò sì ní rí i títí yóò fi já. Páìpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde sí ìta. Afẹ́fẹ́ mìíràn sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé: ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Bí fèrèsé bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù pẹ́kípẹ́kí, ẹ tì í nígbà tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́, torí afẹ́fẹ́ fèrèsé ni fáànù á kàn máa fà, ti ọ̀hún lẹ́bàá ṣáwà á sì dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́yìn tí ẹ bá wẹ̀ tán. Láti mọ̀ bóyá ó ń fà, ẹ gbé bébà tíṣù kan sí ẹnu rẹ̀. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí iná tó ń lọ, ẹ so ó mọ́ ínfátà bí ẹ bá ní, kì í jẹ iná púpọ̀.

Nínu omi kúrò

Tó bá jẹ́ ohun kan péré lẹ lè ṣe nínú gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí. Ẹ ra ọ̀pá onírọ́bà tí wọ́n fi ń nu gíláàsì mọ́tò, kí ẹ gbé e kọ́ sí balùwẹ̀. Ẹni tó bá wẹ̀ kẹ́yìn á fà á láti òkè ògiri wá sí ìsàlẹ̀, á ti omi ilẹ̀ lọ sí ojú ihò, á sì fi àkísà gbígbẹ nu igun àti ìdí táìlì tí rọ́bà kò dé. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Àkísà náà á jáde síta, kò ní sùn sí balùwẹ̀.

Ẹ fa kọ́tìnì ṣáwà kó tẹ́ lọ gbọọrọ. Tí ẹ bá ká a jọ, inú ìká yẹn ló máa bu. Ìnura àti kànrìnkàn, ìta. Dúrọ́ọ̀mù omi tí a ń tọ́jú pa mọ́ ń dá wàhálà púpọ̀ sílẹ̀: omi inú rẹ̀ ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ tọ̀sán tòru, ògiri tó fara tì kì í sì í rí atẹ́gùn. Ẹ dé e, kí ẹ sún un kúrò lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹni tó bá ń po omi wẹ̀ sínú gáráwá, kó kọ́kọ́ bu omi tútù sí i kó tó da gbígbóná lé e. Ooru omi á dín kù.

Bí omi bá ń dúró sí ilẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ kò tó. Ó yẹ kó lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 nínú mítà kan, sí ọ̀dọ̀ ojú ihò. Bíríkìlà nìkan ló lè tún ìyẹn ṣe.

Àárín táìlì, sílíkónì àti àjà

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń fi sìmẹ́ńtì funfun lásán dí àárín táìlì. Ó ń mu omi. Ẹ kán omi sí i: tó bá wọra, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó ti ṣí. Ẹ ha ibi tó ti jẹ jáde, ó kéré tán mílímítà 3 wọnú, ẹ fi gráòtì gidi dí i, ẹ jẹ́ kó gan bí páálí rẹ̀ ti wí, kí ẹ wá fi oògùn tí kì í jẹ́ kó mu omi pa á.

Igun tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ tàbí ọpọ́n ìwẹ̀ kì í ṣe ti gráòtì, torí ó ń mì, gráòtì á sì là. Sílíkónì ló bá a mu, èyí tí wọ́n kọ "sanitary" sí lára. Tí ti tẹ́lẹ̀ bá ti dúdú nínú, fífọ̀ kò ràn án:

1. Ẹ fi abẹ gé e kúrò tán pátápátá. Tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó.
2. Ẹ fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24. Bí ẹ bá kánjú níbí, èbíbu á hù sí abẹ́ tuntun.
3. Bó bá jẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀, ẹ pọn omi kún un kí ẹ tó fa sílíkónì, kí ọpọ́n lè ti wọlẹ̀ dé ibi tó máa wọlẹ̀ dé.
4. Ẹ fa sílíkónì náà lẹ́ẹ̀kan, kí ó fẹ̀ tó mílímítà 6 sí 10, ẹ fi ọwọ́ tó ní omi ọṣẹ tẹ̀ ẹ́ dán, kí ẹ má sì wẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí 24.

Ní ti àjà, POP kò bá balùwẹ̀ tí wọ́n ń lo omi gbígbóná lọ. PVC ló dáa. Tó bá jẹ́ ògiri lásán, ẹ lo ọ̀dà tó ń dán díẹ̀, èyí tí a lè nù. Ẹ má fi ọ̀dà bo èbíbu rárá. Á jẹ ọ̀dà náà láti abẹ́.

Èyí tó ti hù

Bí kò bá ju bíi mítà kan níbùú lóròó lọ, ẹ lè fọ̀ ọ́ fúnra yín. Ẹni tó ní ikọ́ asimá kò gbọdọ̀ ṣe é, kó má sì sí nítòsí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbòmú N95 àti gíláàsì ojú. Ẹ wọ́n omi sí i kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha á, ìyẹ̀fun rẹ̀ á fọ́n káàkiri ilé. Omi ọṣẹ lẹ máa kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, lórí táìlì àti ohun tí kì í mu omi, ẹ lè lo Hypo: kò gbọdọ̀ ju mílílítà 240 nínú omi lítà 4. Ẹ ṣan án, ẹ nu ún gbẹ. Fèrèsé gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí.

Ẹ má da Hypo pọ̀ mọ́ Harpic, áàsìdì, ọtí kíkan tàbí ohun tó ní amóníà. Èéfín olóró ló ń jáde lára wọn, ó sì ti pa èèyàn rí nínú balùwẹ̀ kékeré. Tí ẹ bá ti lo ọ̀kan, ẹ ṣan ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó mú òmíràn.

POP tàbí pákó tó ti bu wọnú kò ṣeé fọ̀. Ẹ gé e kúrò, kí ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí káfíńtà tó fi tuntun dí i. Bí dúdú náà bá sì tún yọ lójú ibi kan náà lẹ́yìn tí ẹ ti ń nu omi, tí fáànù sì ń fà, inú ògiri ni omi wà: púlọ́ńbà lẹ máa pè, kí ẹni tó ń kun ọ̀dà dúró ná.