Bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú ìyá igi pákí lẹ́yìnkùlé

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì ní Odògbolú níbí, gbogbo èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi pákí tí wọ́n máa gé gbìn kiri. Ẹni tó fa pákí tà fáwọn ìyá tó ń yan gàrí lóṣù tó kọjá gan-an á ní òun ò ní igi, torí ó ti jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, oòrùn ti pa á. Ó di kó lọ ra ti ẹlòmíì tí kò mọ ibi tó ti wá.

Èmi náà ti ṣe é rí o. Ẹnìkan tà á fún mi létí títì, igi náà ki, ó sì dán, mo sáré gbìn ín. Ó hù dáadáa, àmọ́ kó tó pé oṣù méjì ewé ti ń ká kò, ó ní àwọ̀ yẹ́lò tótòtó lára bí àdìrẹ tí aró ò mú délẹ̀. Àrùn mòsáíkì ni, inú igi ló sì bá wá. Lóòótọ́ àwọn kòkòrò funfun tíntìntín abẹ́ ewé máa ń gbé e káàkiri, ṣùgbọ́n àwa gan-an la ń fi igi gbé e láti oko dé oko.

Látìgbà yẹn ni mo ti ya ogún ìdí péré sọ́tọ̀ lẹ́yìnkùlé. Àwọn ni mò ń pè ní ìyá igi. Wọn kì í ṣe pákí gàrí o, igi tí mo máa gé gbìn ni mo gbìn wọ́n fún, tí wọ́n bá ta iṣu nísàlẹ̀, èrè ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ìgbà tí ewé ṣì wà lórí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yan ìyá, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fa pákí, ṣebí igi tí ewé ti tán lórí ẹ̀ ò lè jẹ́wọ́ àrùn fún yín. Ẹ rìn yí oko ká láàárọ̀, èyí tí ewé ẹ̀ bá tẹ́ rẹrẹ tí kò lábàwọ́n, ẹ so àkísà pupa mọ́ ọn. Irú pákí tí wọ́n ń pè ní TME 419 lèmi ń lò, igi ẹ̀ máa ń nà gbọọrọ, kì í yẹ̀ka púpọ̀, mòsáíkì ò sì rí i gbé ṣe bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Ilẹ̀ wa ní Ìjẹ̀bú, yanrìn ló pọ̀ níbẹ̀, òjò sì máa ń fọ ọ̀rá inú ẹ̀ lọ. Pákí á ta níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi tí ebi pa, ọmọ tẹ́ ẹ bá gé lára ẹ̀ náà ò ní hù dáadáa. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà ni mo máa ń dà sí i, pẹ̀lú eérú ìdí ààrò tí wọ́n ti ń yan gàrí, torí pọ́táṣíọ̀mù inú eérú yẹn ni igi ń wá. Ẹni tó bá lówó lè fi ajílẹ̀ NPK 15-15-15 díẹ̀ yí ìdí ẹ̀ ká, kó má kan igi. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti gé e, ẹ fún un lóúnjẹ padà.

Lẹ́ẹ̀rùn, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀, ẹ sì máa bomi rin ín. Ìgbà yẹn ni kòkòrò tó dà bí òwú máa ń jókòó sórí ọ̀mùnú, tí orí igi á wá kó jọ bí ìdì ẹ̀fọ́. Ẹ ṣẹ́ ibẹ̀ kẹ́ ẹ sun ún. Ẹ má kàn máa fọ́n oògùn kiri o, torí láti 1981 ni IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, ti tú agbọ́n tíntín kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní Nàìjíríà tó ń pa kòkòrò yìí, oògùn yín á pa agbọ́n náà ni. Ẹ ṣe ọgbà yí i ká pẹ̀lú, ewúrẹ́ àdúgbò mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyá igi àti oúnjẹ.

Bó bá pé oṣù 8 sí 12, ẹ gé e, kẹ́ ẹ ṣẹ́ bí 20 sí 25 sẹ̀ǹtímítà kù lórí ilẹ̀, á tún rú. Tó bá rú, ẹ dá méjì tàbí mẹ́ta sí, ẹ yọ ìyókù. Ẹ fi èékánná ha èèpo igi tẹ́ ẹ gé, bí oje funfun bá yára jáde, ó ṣì yè. Ẹ ju orí ẹ̀ tó rọ̀ nù, àárín ló dáa jù, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó 20 sí 25 sẹ̀ǹtímítà, kó ní ojú 5 sí 7. Tẹ́ ò bá tíì fẹ́ gbìn, ẹ má gé e wẹ́wẹ́, ẹ nà án ró lábẹ́ igi tó ní ibòòji, kí ìdí ẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀, ẹ máa wọ́n omi sí i.

Kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí ìyá kejì, ẹ fi Jik tẹ́ ẹ pò mọ́ omi nu àdá, torí àrùn kan wà tó ń bá ojú irin rìn: ewé á kọ́kọ́ ní àpá onígun bí ibi tí omi rin, lẹ́yìn náà á rọ, oje á máa sun lára igi, orí ẹ̀ á kú wá sílẹ̀. Ẹ fa irú ẹ̀ tu, ẹ dáná sun ún, ẹ má sì wọ àárín wọn nígbà tí ìrì tàbí òjò bá ṣì wà lára ewé.

Àwọn ẹbí á wá tọrọ o, pàápàá tí wọ́n bá wálé Ojúde Ọba tí wọ́n rí i bó ṣe tutù yọ̀yọ̀. Ẹ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gé e, kí bùọ̀dá má mú àdá tó ti oko tiẹ̀ bọ̀ wọ ibẹ̀.