Red dot lórí ìbọn ìléwọ́: bí ẹ ṣe máa yan ìjókòó tó máa dì í mú

Àbúrò mi kan wà ní Texas, Sátidé Sátidé ló máa ń lọ yìnbọn ìdíje ní pápá wọn níbẹ̀, ló bá fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ìbọn yìí o, lánàá apá òsì ló ń gbá, lónìí apá ọ̀tún ni." Èmi kì í ṣe sójà, n kì í ṣe ọlọ́pàá, iṣẹ́ irin ni mò ń ṣe l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, mò ń gé irin, mò ń lu ihò, mò ń fi taraud gbẹ́ eyín sínú ihò kí fíìsì, ìṣó tí wọ́n ń yí wọlé, lè wọ̀ ọ́. Ìgbà tí mo wo fídíò yẹn lẹ́ẹ̀kejì ni mo rí i pé kò sóhun tó ṣe red dot, ẹ̀rọ ìwòran oníná tó fi owó ńlá rà yẹn, ìjókòó ẹ̀ ló ń mì. Látìgbà yẹn làwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà ti ń da ìbéèrè bò mí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí.

Kí n tètè sọ ọ́ o, nílé níbí, ìbọn ìléwọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pàtẹ ẹ̀ lọ́jà Wàndó. Àdéhùn táwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO (ECOWAS) fọwọ́ sí l'Ábújá lọ́jọ́ 14 oṣù kẹfà 2006 lórí ìbọn kéékèèké wà nílẹ̀, ìwé àṣẹ sì ni ìjọba máa béèrè. Ṣakabùlà tí bàbá bàbá mi fi ń ṣọdẹ ní Kétu ni mo mọ̀ dàgbà, ojú lásán ni bàbá fi ń wo ẹnu ẹ̀, ẹran sì ń délé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tófin ti gbà yín láyè, tẹ́ ẹ níwèé ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Iná kékeré kan ló wà nínú red dot tó ń tàn sára gíláàsì, ojú yín á rí àmì pupa kan, ẹ ó gbé àmì yẹn lé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ yìn, ó parí, ẹ ò tún ní máa to irin ìwòran iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn. Aimpoint ní Sweden ló ti ṣe ti oníná jáde láti 1975. Tí wọ́n bá gbé e sórí ìbọn gígùn, jẹ́ẹ́ ló jókòó. Ti ìbọn ìléwọ́ ni wàhálà, torí orí slide ni wọ́n sábà máa ń dè é mọ́, ìyẹn irin òkè tó máa ń sáré padà sẹ́yìn tá á tún já wá síwájú nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá yìn ín. Ẹ wá ro ó wò, fíìsì méjì péré, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju 3.5 tàbí 4 mílímítà lọ, àwọn ló ń gba gbogbo ìgbòkègbodò yẹn.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ mọ àtẹ̀lẹsẹ̀ red dot tẹ́ ẹ fẹ́. Footprint ni wọ́n ń pè é lókè òkun, èmi àtẹ̀lẹsẹ̀ ni mò ń pè é torí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn: bí ihò fíìsì ṣe jìnnà síra, àti ibi táwọn kòtò kéékèèké tí kì í jẹ́ kó yẹ̀ wà. Ti Trijicon RMR tó jáde ní 2009 ló gbajúmọ̀ jù, Holosun 507C náà ń bá a lo ìjókòó kan náà. Leupold DeltaPoint Pro ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ti Docter láti Jámánì wà, òun ni Vortex Venom àti Burris FastFire tẹ̀ lé. Fún ìbọn tínínrín tí wọ́n ń fi sábẹ́ aṣọ, Shield RMSc ni ẹ ó máa gbọ́, Holosun 507K sì jọ ọ́ bí ìbejì àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ̀yìn ni wọ́n ti yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì ń tan àwọn èèyàn jẹ. Aimpoint ACRO ò tiẹ̀ gba fíìsì látòkè, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń fún nǹkan mọ́ra bí ẹ̀mú. Kò yàtọ̀ sí bàtà, nọ́ńbà 42 ò lè wọ ẹlẹ́sẹ̀ 44, ẹni tó bá ní "ó jọ ọ́, á wọ̀ ọ́" ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ wá yíjú sí ìbọn yín. Bóyá wọ́n ti gbẹ́ orí slide ẹ̀ láti ilé iṣẹ́, bíi Glock MOS tó jáde ní 2015, ìyẹn máa ń wá pẹ̀lú àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, 02 ni ti RMR, 04 ni ti Leupold. Irin pẹlẹbẹ ló máa wà láàárín, red dot á wá jókòó lórí ẹ̀. Ó rọrùn, ẹ lè pààrọ̀ red dot lọ́la tó bá wù yín, àmọ́ ẹ kà á dáadáa: fíìsì tó de irin pẹlẹbẹ mọ́ slide wà, èyí tó de red dot mọ́ irin pẹlẹbẹ wà, ibi méjì ló lè tú. Tẹ́ ẹ bá máa rà á lọ́tọ̀, irin gidi ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi alumíníọ̀mù sílẹ̀, eyín inú alumíníọ̀mù kì í pẹ́ fọ́ tí wọ́n bá ń tú u tí wọ́n ń dè é, mo ti rí i lára ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà àìmọye ìgbà.

Tí wọn ò bá tíì gbẹ́ ẹ, ẹ lè gbé slide yẹn fún ẹni tó níwèé àṣẹ tó sì ní fraiseuse, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ irin, tó péye, á gbẹ́ àtẹ̀lẹsẹ̀ red dot yẹn sí i lára tààrà. Tẹ́ ẹ bá bi mí, èyí ló dára jù, torí á lọ sílẹ̀ sún mọ́ ihò tí ọta ń gbà jáde, irin sì ń fi àyà ti irin, kì í ṣe fíìsì nìkan ló ń jìyà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbẹ́ ẹ, ẹ ti gbẹ́ ẹ nìyẹn, red dot tí àtẹ̀lẹsẹ̀ ẹ̀ yàtọ̀ ò ní wọ̀ ọ́.

Irú kan tún wà tó ń wọ ihò tí wọ́n ti yọ irin ìwòran ẹ̀yìn. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan, kò sí gbígbẹ́ kankan, àmọ́ ó máa ń ga, ẹ sì ti pàdánù irin ẹ̀yìn yẹn, n kì í bá ẹnikẹ́ni dá sí i àyàfi tí kò bá fẹ́ kí ẹ̀rọ kan ìbọn ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ara ìbọn nísàlẹ̀, tí slide ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ ẹ̀, kì í mì rárá, àmọ́ ó tóbi bí agbárí màlúù, ìdíje ló wà fún. Àbúrò mi ò tiẹ̀ lè lò ó, torí òfin Carry Optics, ìsọ̀rí tó ń bá díje ní USPSA, ẹgbẹ́ ìdíje ìbọn ní Amẹ́ríkà, ni pé orí slide ni red dot gbọ́dọ̀ wà.

Ó wá ku fíìsì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ níbí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi ni pé ó ra irin pẹlẹbẹ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó lo fíìsì tó bá a wá, ó dè é, ó le lọ́wọ́, ó ní ó ti dì. Kò dì. Fíìsì yẹn gùn jù, imú ẹ̀ ti kan ìsàlẹ̀ kí orí ẹ̀ tó fún red dot mọ́lẹ̀, líle tó ń gbọ́ lọ́wọ́ yẹn, ìsàlẹ̀ ihò ló ń tì. Mo ní kó tú u, kó gbé irin pẹlẹbẹ sórí tábìlì, kó gbé red dot lé e, kó de fíìsì méjèèjì wọlé, kó wá yí gbogbo ẹ̀ padà kó wo abẹ́. Ó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, imú fíìsì kan ti yọ síta bí ehín ọmọ tuntun. Ẹ dán ohun tó ṣe yìí wò kẹ́ ẹ tó de ohunkóhun mọ́ ìbọn, imú ò gbọdọ̀ yọ. Lára Glock pàápàá, fíìsì ọwọ́ ọ̀tún tó bá gùn jù lè wọlé lọ há irin kékeré tó ń ti èékánná tó ń fa kóró ọta jáde, ìbọn á bẹ̀rẹ̀ sí í há, ẹ ó máa bú ọta tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kó má kúrú jù náà o. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé eyín tó wọ inú irin kò gbọdọ̀ dín sí ìbú fíìsì fúnra ẹ̀, tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù ẹ fi ìdajì kún un. Pied à coulisse, òṣùwọ̀n irin tó ń ka mílímítà, ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Ẹ tún wo irú eyín ẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo 6-32, ti ìnṣì nìyẹn, àwọn mìíràn ń lo M4 ti mílímítà. Tẹ́ ẹ bá fi tipátipá wọ ọ̀kan sínú ihò èkejì, ìyípo kan tàbí méjì ló máa gbà, ó ti ba ihò jẹ́ nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa dè é wá kù. Ẹ kọ́kọ́ yọ àpò ọta, ẹ fa slide, ẹ fojú wo inú ẹ̀, ẹ tún fìka kàn án, kó ṣófo. Ẹ fi ọtí líle tí wọ́n ń fi nu egbò nu ihò àti fíìsì kí epo kúrò. Tó bá jẹ́ RMR, bátìrì CR2032 ẹ̀ abẹ́ ló wà, torí náà ẹ rí i pé irin tínínrín tó ń dí abẹ́ ẹ̀ pa wà níbẹ̀ kí omi má bàa wọlé, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ bátìrì lẹ ó tú u, ìyẹn ni mi ò fi fẹ́ràn ẹ̀ tó ti 507C tí bátìrì ẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Gọ́ọ̀mù Loctite búlúù, ẹ̀kán kan lára eyín, ó tó, ẹ má lo pupa torí ìyẹn iná ló máa ń fẹ́ kó tó tú. Ẹ wá fi sípánà tó ń ka agbára dè é, inch-pound 12 ni Trijicon sọ fún RMR, ìyẹn ò ju Newton-mítà 1.36 lọ, ti àwọn tó kù ẹ wo ìwé tó bá a wá. Ẹ máa de ọ̀tún díẹ̀, kẹ́ ẹ de òsì díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà tínínrín kan láti orí fíìsì sára red dot. Tó bá tú, ìlà á já sí méjì, ẹ ò ní nílò kẹ́ni kan sọ fún yín.

Ní pápá, ẹ yìn ín láti mítà 10 kẹ́ ẹ tó lọ sí 25. Bọ́tìnnì tó ń darí àmì pupa RMR ń sún un ní MOA 1, ìwọ̀n igun kékeré kan, nígbà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá yí i, ní mítà 25 ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílímítà 7. Tẹ́ ẹ bá ń yí i lójoojúmọ́ tí ọta ṣì ń rìn kiri, ẹ fi bọ́tìnnì yẹn sílẹ̀, ẹ lọ wo fíìsì.

Àbúrò mi ti pààrọ̀ irin pẹlẹbẹ yẹn sí ti irin gidi, fíìsì tuntun, ọ̀dà funfun. Sátidé tó kọjá ó ya orí fíìsì méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, ìlà méjèèjì ṣì gún gbọọrọ.