Bí mo ṣe so òṣùwọ̀n kajú mọ́ kọ̀ǹpútà ní Ògbómọ̀ṣọ́

Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò kajú ní ìsọ̀ kan nítòsí Tákìẹ́ ní ihò RS-232 (ìlànà tí ẹ̀rọ méjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí waya) oní-píìnì 9 lẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ kí ìwọ̀n àpò kọ̀ọ̀kan máa wọ inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wọn kò ní irú ihò yẹn, nítorí náà mo ki okùn USB tó ń yí i padà sí RS-232 sí i.

Mo kọ́kọ́ so waya tààrà: 2 sí 2, 3 sí 3, 5 sí 5. Nǹkan kan ò wọlé. Lára kọ̀ǹpútà, píìnì 2 ló ń gbọ́, 3 ló ń sọ̀rọ̀, 5 sì ni ilẹ̀ tí méjèèjì jọ ń lò. Òṣùwọ̀n yìí náà ń fi 3 sọ̀rọ̀. Ẹnu kọjú sí ẹnu, etí kọjú sí etí!

Ẹ má fi àwọ̀ waya mọ̀ ọ́n o, mítà ni kẹ́ ẹ gbé. Mo yọ okùn, mo tan òṣùwọ̀n, mo yí mítà sí DC 20 fóltì, mo fi ẹnu dúdú rẹ̀ kan píìnì 5. Mo fi ẹnu pupa kan 2: òdo. Mo fi kan 3: −8.6. Òun ló ń sọ̀rọ̀, torí pé tí waya tó ń sọ̀rọ̀ nínú RS-232 bá dákẹ́, fóltì rẹ̀ máa ń wà lábẹ́ òdo, láàárín −5 sí −15. Tẹ́ ẹ bá rí 3.3 tàbí 5 tó wà lókè òdo, TTL nìyẹn, ìyẹn àmì oní-fóltì kékeré tí àwọn ṣíìpù ń lò láàárín ara wọn. Ẹ má kàn án mọ́ RS-232 láéláé, ó lè jó bọ́ọ̀dù. Ẹ fi ṣíìpù tó ń yí fóltì padà àti àwọn kàpásítọ̀ rẹ̀ sáàárín: MAX232 fún TTL oní-fóltì 5, MAX3232 fún oní-3.3.

Mo gé waya, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó 2 mọ́ 3, 3 mọ́ 2, 5 mọ́ 5. Sọ́fítíwíà tún ń retí àmì CTS (àmì pé ọ̀nà là láti sọ̀rọ̀) ní píìnì 8 kó tó ṣiṣẹ́, mo bá so 7 àti 8 pọ̀ ní ìhà kọ̀ǹpútà, kó lè máa fún ara rẹ̀ ní àmì náà.

Ọ̀rọ̀ wọlé wàyí, àmọ́ jágbajàgba ni. Ìyára wọn ni kò bára mu: bíìtì 9600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo fi kọ̀ǹpútà sí, 2400 ni òṣùwọ̀n ń lò. Ní 2400, bíìtì kan ń gba nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ńdì 417. Ní 9600, 104 ni. Kọ̀ǹpútà ń ka bíìtì kan sí mẹ́rin. Mo yí i sí 2400, bíìtì 8, láìsí párítì (bíìtì tí wọ́n fi ń yẹ àṣìṣe wò), bíìtì ìdádúró 1. Ohun tó wà lójú òṣùwọ̀n náà ló hàn lójú kọ̀ǹpútà: 82.4.

Mo wá dè bóòtù méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, kí àpò kajú má baà fà á yọ.