Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ìgbafẹ́ ojú omi ní Àjàṣẹ́ nígbà òjò àti ìgbà ìkún omi

Ọ̀pọ̀ àlejò tí ń wá wo Ganvié tí ó wà lórí adágún Nokoué, Aguégué àti àwọn abúlé orí omi yòókù ní agbègbè Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni ó máa ń yan àkókò láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, nígbà tí òjò ti dá, tí ọ̀nà ti gbẹ, tí omi sì ti fà padà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń wá ní àwọn oṣù yòókù kò kéré. Àwọn kan ń kó ọmọ wọn wá nítorí pé ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ bọ́ sí oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Àwọn kan ń wá nítorí pé ilé ìtura kì í kún nígbà náà, atukọ̀ sì rọrùn láti bá dúnàádúrà. Àwọn mìíràn kò kàn fẹ́ kí èrò pọ̀ níbi tí wọ́n bá lọ. N kò bá wọn wí. Lójú tèmi, kò sí ìgbà tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí odò Wémè (Ouémé) ń tú omi sí lẹ́wà tó ìgbà tí omi bá kún, tí gbogbo koríko etídò sì tutù yọ̀yọ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ ojú omi ìgbà òjò bí ẹni pé ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, tí àṣìṣe kan náà sì ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún.

Èyí tí mo kà sí ìyá gbogbo àṣìṣe yìí ni kí ènìyàn máa wo ojú ọ̀run Àjàṣẹ́ láti fi mọ bí omi Àjàṣẹ́ yóò ti rí. Odò Wémè, tí omi rẹ̀ ń bọ́ sínú ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 510. Apá àríwá, ní agbègbè àwọn òkè Tanéka, ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ó gba ìwọ̀-oòrùn Ṣábẹ̀ kọjá, odò Ọ̀pàrà tí ó jẹ́ ààlà Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ní ìlà-oòrùn Ṣábẹ̀ sì ń dà sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni odò Zou. Òjò tí ó bá rọ̀ ní apá gúúsù ilẹ̀ Ìbàrìbá àti ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju ọ̀dọ̀ wa lọ, ó sì máa ń gbà á ní ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó dé. Níhìn-ín ní gúúsù, òjò ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń rí lọ́dún: èyí tí ó gùn, láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, àti èyí tí kò pẹ́, ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ní àríwá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án sì ni ó máa ń le jù.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń fà. Ní oṣù kẹjọ, òjò a sinmi ní Àjàṣẹ́, oòrùn a yọ, afẹ́fẹ́ a tutù, àwọn òbí a sì sọ pé àkókò ti tó láti gbé àwọn ọmọ lọ sí orí omi. Ní àkókò yẹn gan-an ni òjò ń rọ̀ lákọlákọ ní òkè odò, tí omi sì ń gòkè ní ìsàlẹ̀ láìsí ẹ̀kán òjò kan tí yóò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìkún náà a máa le sí i títí di oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà ní oṣù kọkànlá. Àwọn tí ó fojú rí ìkún omi ọdún 2010 kò nílò kí a ṣàlàyé fún wọn mọ́ ibi tí omi òkè odò lè dé. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè bí omi ṣe rí ní ìlú Bonou, nítorí ibẹ̀ ni odò ti ń wọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wọn gíga rẹ̀; ẹ sì gbọ́ ohun tí Météo-Bénin, iléeṣẹ́ tí ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí, bá sọ nípa àríwá, kì í ṣe nípa Àjàṣẹ́ àti Kútọnu nìkan. Ẹni tí ó bá ní ẹbí ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Paraku, kí ó pè wọ́n, kí ó bi wọ́n bí òjò ti ń ṣe lọ́dọ̀ wọn láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìpè kékeré bẹ́ẹ̀ lè wúlò ju wíwo ojúu sánmà fún odindi òwúrọ̀ lọ.

Àṣìṣe kejì jẹ mọ́ ohun tí omi bò mọ́lẹ̀. Àwọn apẹja ọ̀sà àti ti adágún Nokoué máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ilẹ̀ inú omi, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, kí ẹja lè fi ibẹ̀ ṣe ilé, kí ó jẹun níbẹ̀, kí ó sì bí síbẹ̀. Èyí ni a ń pè ní akájà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí àwọn igi náà a yọ síta, ọmọdé pàápàá lè rí wọn. Nígbà tí omi bá kún, orí wọn a wọlé sínú omi tí ó ti rú, ọkọ̀ tí ó bá sì fi eré sáré kọjá lórí wọn lè gún nídìí, ó sì lè dojú dé. Ìdí nìyí tí kò fi dára láti gba atukọ̀ nítorí pé iye rẹ̀ kéré jù lọ ní èbúté. Ọmọ tí wọ́n bí sórí omi yẹn mọ ibi tí akájà bàbá rẹ̀ àti ti aládùúgbò rẹ̀ wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fojú rí i. Ẹni tí ó ti ibòmíràn wá fi ọkọ̀ ṣòwò fún oṣù díẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè abúlé tí atukọ̀ yín ti wá, ẹ má tijú láti béèrè. Ẹ sì má gbàgbé pé akájà ní olówó: ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ fọ́ ọ ti ba oko ẹlòmíràn jẹ́, ẹ̀tọ́ sì ni kí onítọ̀hún bínú.

Lẹ́yìn akájà ni ewéko tí ó léfòó, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní jacinthe d'eau. Kì í ṣe ojúoró tí àwọn baba wa mọ̀. Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò sì máa ń wu àlejò láti ya fọ́tò. Omi tí kò ní iyọ̀ ni ó fẹ́ràn. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà omi Kútọnu ní ọdún 1885 ni omi òkun ti ń rí àyè wọ inú adágún Nokoué nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ yẹn a sì pa ewéko náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò Wémè bá kún, ó a ti omi iyọ̀ padà sínú òkun, ewéko a sì gba gbogbo ojú omi. Afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi ni wọ́n ń dà á káàkiri, ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ ní òwúrọ̀ lè ti dí pátápátá ní ìrọ̀lẹ́, pàápàá ní ọ̀nà tóóró bí ti Totchè tí ó so ọ̀sà Àjàṣẹ́ pọ̀ mọ́ Nokoué. Àṣìṣe tí àwọn ènìyàn ń ṣe níhìn-ín ni pé wọ́n ń ṣe ètò ìrìn àjò wọn ní ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú, bí ẹni tí ń wọ bọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú tàbí ìpàdé kan sí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Nígbà tí ewéko bá wá dí wọn lọ́nà, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í fi agídí rọ atukọ̀ pé kí ó fi ẹ́ńjìnnì là á kọjá. Gbòǹgbò ewéko náà a lọ́ mọ́ irin tí ń yí nídìí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì a kú, ọkọ̀ a sì máa bá ìṣàn omi lọ. Ẹ jẹ́ kí ó gbé ẹ́ńjìnnì sókè, kí ó fi ọ̀pá ti ọkọ̀, bí ó tilẹ̀ gba wákàtí kan.

Nípa aago ìrìn, mo lè sọ ọ́ ní ṣókí: òwúrọ̀ ni ti àlejò. Afẹ́fẹ́ òkun máa ń le ní ọ̀sán, adágún Nokoué sì fẹ̀, kò jìn, irú omi bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kí ìgbì tó gbéra lórí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, àti nígbà àrọ̀kúrò, ìjì tí ń ti ìlà-oòrùn wá lè dé lójijì. Ẹ ó rí i tí àwọsánmà dúdú gbára jọ ní apá ibẹ̀, afẹ́fẹ́ a dákẹ́ pátápátá fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fẹ́ wá pẹ̀lú agbára. Àwọn kan ń tan ara wọn jẹ pé omi tí kò jìn kò lè pani, pé bí ọkọ̀ bá dànù, àwọn yóò kàn dìde dúró ni. Ẹrọ̀fọ̀ ni ó wà nísàlẹ̀, ó sì máa ń gbá ẹsẹ̀ mú. Ibi tí ó dé ìbàdí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè bo àgbàlagbà mọ́lẹ̀ nígbà ìkún. Kí ẹ ti padà dé èbúté ṣáájú aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ní nǹkan bí aago méje, òkùnkùn ti ń ṣú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ẹ ó sì pàdé kò ní iná kankan.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ lórí owó, nítorí ibẹ̀ ni ìdúnàádúrà ti ń di ewu. Èrò kì í pọ̀ nígbà òjò, atukọ̀ sì nílò owó. Nígbà tí àlejò bá wá já iye náà wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, atukọ̀ yóò wá ọ̀nà mìíràn láti rí owó epo rẹ̀. Yóò kó èrò méjì tàbí mẹ́ta sí i, yóò gbé ẹrù ọjà lé e, tàbí kí ó ra kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà létí ọ̀nà, tí omi ti bọ́ sínú rẹ̀, èyí tí yóò mú ẹ́ńjìnnì dákẹ́ ní àárín adágún. Ẹ san iye tí ó tọ́, kí ẹ sì fi í ṣe àdéhùn pé ẹ̀yin nìkan ni yóò gbé, pé àjẹ̀ àti ọ̀pá yóò wà nínú ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ wà, àti pé olúkúlùkù yóò rí gilé, ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó lójú omi, wọ̀, títí kan atukọ̀. Gilé tí wọ́n dì sábẹ́ ìjókòó kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Èyí tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà sì máa ń yọ kúrò lọ́rùn ọmọdé nínú omi. Bí ẹ kò bá rí èyí tí ó ba ọmọ yín mu, ẹ má gbé ọmọ náà lọ.

Ẹni tí ó bá ní ọmọ kéékèèké, tàbí tí ara rẹ̀ kò gba omi gbalasa, kò yẹ kí ó máa fi agídí lépa Ganvié nígbà òjò. Odò dúdú Adjarra kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń tu ọkọ̀ lórí rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ tóóró, igi ògùrọ̀ àti àwọn igi mìíràn ṣíji bò ó, nítorí náà ìgbì kì í rí àyè gbéra níbẹ̀ bí ti orí adágún. Ẹ lè ṣe é ní ọjọ́ tí ọjà Adjarra bá bọ́ sí, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ná an, kí ẹ sì ra ìlù tàbí ìkòkò níbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìyà síbẹ̀.

Ti oorun, omi mímu àti ẹ̀fọn kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má sùn lórí omi láìsí àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ gbé omi mímu tí ó tó yín láti Àjàṣẹ́, ẹ má sì fi omi ọ̀sà fọ ẹnu tàbí fọ èso, nítorí pé ìgbà ìkún ni omi ilé ìyàgbẹ́ àti omi ọ̀sà máa ń dàpọ̀, tí àrùn onígbáméjì sì ń rí ọ̀nà. Kí fóònù àti ìwé ìrìnnà yín wà nínú ọ̀rá tí a dì ní ẹnu.

Àṣìṣe tí ó dùn mí jù ni èyí tí kò léwu fún àlejò rárá. Ìkún omi tí ẹ wá wò jẹ́ ìnira fún àwọn kan. Ní Aguégué àti ní àwọn abúlé etídò, omi a bo oko, a sì wọ inú ilé mìíràn, àwọn ènìyàn a kó ẹrù wọn sórí pẹpẹ, ọmọ a máa gba inú omi lọ síbi tí ó ń lọ. Ó burú kí ọkọ̀ àlejò sáré ẹ́ńjìnnì kọjá láàárín ilé bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìgbì tí ó ń dá sílẹ̀ ń gbá òpó ilé, ó sì ń da omi sínú ọkọ̀ kékeré àwọn obìnrin tí ń gbé ọjà lọ. Ẹ sọ fún atukọ̀ kí ó dín eré ọkọ̀ kù kí ẹ tó dé ilé àkọ́kọ́. Ẹ má gbé kámẹ́rà sókè sí ẹni tí ń gbá omi jáde nínú yàrá rẹ̀. Ẹ kí wọn, ẹ jókòó níbi tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó sí, ẹ ra ẹja lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n bá sì ní kí ẹ má wọ ibì kan, kí ẹ má wọ̀ ọ́. Àwọn ibi kan wà lórí omi náà tí ó jẹ́ ti òrìṣà, tí àlejò kò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí.

Fún àwọn tí ń ti Èkó wá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Òótọ́ ni pé omi ọ̀sà Àjàṣẹ́ so mọ́ ti Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n ààlà orílẹ̀-èdè wà lórí omi gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lórí ilẹ̀. Ẹ gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ tàbí ti Ìgólò wọlé, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà yín, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àjàṣẹ́.

Bí ìjì bá bá yín lójú omi, ẹ má dìde dúró, ẹ má sì sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀. Kí gbogbo yín jókòó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ di ọmọ mú, kí atukọ̀ kọ iwájú ọkọ̀ sí ìgbì, kí ó sì wá koríko etídò tí ó súnmọ́ jù lọ wọ̀. Koríko náà yóò di ọkọ̀ mú, ìgbì kì í sì lágbára nínú rẹ̀. Ẹ dúró síbẹ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi rọlẹ̀, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ń ṣú lọ. Kí ẹ tó kúrò ní èbúté, ẹ ti fi nọ́ńbà fóònù atukọ̀, ọ̀nà tí ẹ ń gbà àti aago tí ẹ fẹ́ padà dé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Àjàṣẹ́ tí yóò lè pe àwọn ará abúlé orí omi kí wọ́n tu ọkọ̀ jáde wá yín.