Bónẹ́ẹ̀tì tó gbóná láàárọ̀ kùtù: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí ẹ bá fẹ́ ra bọ́ọ̀sì dísù tòkunbọ̀ n'Íbàdàn

Aago méje kọjá díẹ̀ láàárọ̀ ni mo dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ náà, lágbègbè Ìwó Róòdù. Mo ti bẹ ẹni tó ń tà á pé kí ó má tan án kí n tó dé. "Ẹ̀gbọ́n, a ò fọwọ́ kàn án láti àná," ó wí bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Mo jókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo sanwó. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àpò ẹ̀lùbọ́ ti kún ẹ̀yìn rẹ̀ ní Bódìjà, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló ń tì í kí ó tó jẹ́.

Ohun tí mi ò ṣe kò ju kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì lọ. Wọ́n ti tan án nídàájí, ó ti gbóná dáadáa, wọ́n wá pa á, wọ́n ń retí mi.

Nínú gbogbo àṣìṣe, èyí ló ń jẹ owó jù. Ẹ́ńjìnì dísù kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ tí písítìnì bá fún pọ̀ ló ń gbóná débi pé dísù á gbiná fúnra rẹ̀. Bí ríǹgì ara písítìnì bá ti jẹ, afẹ́fẹ́ á máa jò, ooru ò ní tó, ọkọ̀ á máa kọ̀ láàárọ̀. Bó bá ti gbóná tán, ta ni yóò mọ̀? Bí ọkọ̀ bá sì kọ̀ lójú yín, wọ́n á ní hítà pọ́lọ́ọ̀gì, èyí tó ń mú inú ẹ́ńjìnì gbóná kó tó jẹ́, lásán ni. Fún ẹ́ńjìnì àtijọ́, ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì dísù ìgbàlódé, bíi CDI ti Mercedes tàbí TDI ti Volkswagen, tí ara rẹ̀ yá kò fi bẹ́ẹ̀ nílò hítà nínú ooru Ìbàdàn. Yìnyín ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó bá kọ̀ nínú oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju hítà lọ.

Bó bá wá jẹ́, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, kí ẹ tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Ẹ kàn gbé e lé orí ihò náà, ẹ má dè é. Bó bá ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, kò burú. Bó bá ń fò bí ọmọrí ìkòkò ẹ̀wà, tí èéfín ń rú jáde, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ máa lọ sílé yín. Èéfín sàlẹ́ńsà náà ń sọ̀rọ̀: dúdú díẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹná, mo lè gbójú fò ó, èyí tó dà bí aró, ọ́ìlì ló ń jó, funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná, dísù ni kò jó tán, tàbí kí omi máa wọlé láti ìdí tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì.

Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n gbé yín yí àdúgbò ká lórí ọ̀dà títẹ́jú, nínú ọkọ̀ òfìfo. Ẹ gbé e gba Bẹẹrẹ lọ sí Òkè Mápó. Ẹ wà á gun òkè náà ní gíà kejì, kí ẹ máa wo abẹ́rẹ́ ooru. Bí ariwo ẹ́ńjìnì bá ń lọ sókè, tí ọkọ̀ ò sì yára sí i, kilọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán. Ẹni tó ń tà lè kọ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ di ẹrù lé e, ṣùgbọ́n òkè Mápó ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ilẹ̀kùn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í wò ó. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń gba apá ọ̀tún wakọ̀, sítíárìn wa sì wà lósì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òdìkejì ni. Àwọn kan máa ń ra bọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní pọ́ọ́kú, wọ́n á gbé sítíárìn rẹ̀ wá sósì, wọ́n á kun ún, yóò máa dán. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó ń yọ̀ sẹ́yìn ló ń tú wọn fó. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún Jámánì máa ń ní in lápá ọ̀tún, níhà ibi tí èèyàn ń rìn. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wà lósì. Bí sítíárìn bá wà lósì, tí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo náà sì wà lósì, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó jó irin abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kódà bí iṣẹ́ náà bá dára, ẹ wò ó ná: ọmọ iṣẹ́ yín á máa gbé ẹrù sọ̀ sí ojú títì níbi tí máíkírà ti ń sáré.

Ẹ má ṣe rò pé Sprinter ti Mercedes àti Volkswagen LT jẹ́ ọ̀kan náà. Bọ́dì àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 1996 sí 2006 jọra bí ìbejì, ilẹ̀kùn wọn ń bá ara wọn mu, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kò bára tan. Ṣéènì ló ń darí fáàfù nínú CDI ti Mercedes. Bẹ́líìtì ló ń darí rẹ̀ nínú TDI 2.5 ti LT. Bẹ́líìtì yìí bá já lórí eré, fáàfù àti písítìnì á kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnì parí. Ẹ kò mọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, nítorí náà ẹ fi owó bẹ́líìtì kún owó ọkọ̀. Ti CDI, ẹ ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnì, kí ẹ wo ìdí nọ́sù tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnì. Bí nǹkan dúdú bí ọ̀dà bá dì mọ́ ọn, tó sì ń dún fọ̀, fọ̀, fọ̀, wáṣà ìdí rẹ̀ ti ń jò tipẹ́, yíyọ nọ́sù yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Kí ẹ tó yàn, ẹ rìn lọ sí ọjà Aráròmí ní Géètì, kí ẹ bèèrè iye tí nọ́sù ọkọ̀ tí ẹ ń wò jẹ́. Èmi ò bèèrè.

Àwọn bọ́ọ̀sì tí ọjọ́ wọn kò pẹ́ ní fílítà kan nínú sàlẹ́ńsà tó ń gba èérí èéfín. Ìrìn jíjìn tó gbóná ló ń fọ̀ ọ́. Bódìjà sí Dùgbẹ̀ sí Aléṣinlóyè nínú gósíló ò lè fọ̀ ọ́ láéláé, dísù àdàlù inú kẹ́ẹ̀gì á sì pa nọ́sù rẹ̀. Fún iṣẹ́ inú ìlú, Mercedes 208D tàbí 308D àtijọ́ wù mí ju èyí tó ń dán lọ. Bí ẹ bá sì yí kọ́kọ́rọ́ tí iná ẹ́ńjìnì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò tàn rárá, ẹnì kan ló yọ ọ́.

Nọ́ńbà ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ní ìtumọ̀. Lára Sprinter 313, 3 àkọ́kọ́ dúró fún tọ́ọ̀nù 3.5, 13 sì jẹ́ agbára ẹṣin bíi 130. Tọ́ọ̀nù 3.5 yẹn, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ó bá wọn nǹkan bíi kílò 2,000 lófìfo, ẹrù kò gbọdọ̀ ju 1,500 lọ, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì 30. Mo mọ ẹni tó ń di 50 lé e ní Àpáta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo sípíríǹgì ẹ̀yìn: bí wọ́n bá ti fi ewé irin kún un, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló lò ó.

Ní ti ìwé, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Èyí tó bá gba Kútọnu wọlé láìní ìwé, aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà Èkó tẹrùtẹrù. Ẹ fi nọ́ńbà ara ṣáásí wé ti inú ìwé, létà kan lórí létà kan.

Mẹkáníìkì tí ẹ mú lọ ńkọ́? Ẹ san owó ọjọ́ kan fún un kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ rà á ni o, ẹ ò rà á ni o. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá rà á ló tó rí nǹkan gbà, gbogbo ọkọ̀ ló máa dára lójú ẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ ta bọ́ọ̀sì mi ọjọ́sí, ọmọkùnrin kan dé láago mẹ́fà àárọ̀. Kó tó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ti gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì. Ó tutù nini. Mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n wá tì í.