Ọjọ́ mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó àlejò lásán

Ẹni tó ti san owó físà, tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, tó ti sanwó ibi tó máa sùn, kò yẹ kó tún dé Lọ́ńdọ̀nù kó máa da ìyókù sílẹ̀ lójú títì. Ohun tí à ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn, ó sì ń dunni. Ọjọ́ tó yẹ kí èèyàn fi rọra wo ìlú ló ń fi sáré kiri, á sì tún sanwó lé eré náà. Ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ físà àti aṣọ òtútù, n kò ní padà síbẹ̀. Àwọn tó kù rèé.

1. Ọkọ̀ tó wọ́n jù láti Heathrow.

Àkọlé reluwé Heathrow Express ló máa kọ́kọ́ wọ̀ yín lójú ní pápákọ̀ òfuurufú náà. Lóòótọ́, ìṣẹ́jú 15 ló fi ń dé téṣàn Paddington, ṣùgbọ́n ó tó £25 fún ẹnì kan lọ́dún 2025, Paddington kì í sì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ yín ń lọ. Reluwé Elizabeth line ń gba Paddington yẹn náà kọjá lọ sí Tottenham Court Road àti Liverpool Street; £13.90 ni lọ́dún 2025. Reluwé Piccadilly line ló rọjú jù, £5.80 lọ́dún yẹn náà, tí ẹ bá lè fara da nǹkan bíi wákàtí kan lórí ìjókòó. Àpótí méjì lọ́wọ́? Elizabeth ni kí ẹ wọ̀. Gbogbo téṣàn rẹ̀ ló ṣeé wọ̀ láìgun àtẹ̀gùn, Piccadilly kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó bá sì sún mọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà tó ń rọra pè yín sí takisí, ẹ kọjá lára rẹ̀. Yàtọ̀ sí takisí dúdú ti ìlú náà, takisí tí ẹ kò bá pè sílẹ̀ ṣáájú kò bófin mu.

2. Pọ́ùn àtijọ́ tó ti wà nínú àpótí bàbá yín láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbéra. £20 àti £50 oníbébà ti kúrò ní owó ìná láti ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2022. £5 àti £10 oníbébà ti kúrò ṣáájú ìyẹn. Owó ìsinsìnyí dà bí ọ̀rá lọ́wọ́, ó sì ń yọ̀. Bank of England ní Threadneedle Street ṣì ń pààrọ̀ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n orí ìlà ni ọjọ́ yín máa ṣú sí. Ẹ má sì kó owó rẹpẹtẹ rìn rárá: ọ̀pọ̀ ilé ìtajà, káàdì nìkan ni wọ́n ń gbà, bọ́ọ̀sì kò sì gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́ láti 2014. Tí ẹ̀rọ POS bá bi yín bóyá pọ́ùn tàbí náírà ni kí òun fi yọ owó, pọ́ùn ni kí ẹ tẹ̀. Tí ẹ bá tẹ náírà, ẹ̀rọ ló máa gé iye pàṣípààrọ̀ fún yín, kò sì ní ṣe yín lóore.

3. Káàdì láàárọ̀, fóònù lálẹ́.

Àṣìṣe tí àwọn èèyàn kì í rí àfìgbà tí àlàyé owó bá dé láti báńkì nìyí. Ọkọ̀ ìgboro Lọ́ńdọ̀nù ní gbèdéke: tí iye tí ẹ ti wọ̀ lóòjọ́ bá ti pé £8.90 láàárín zone 1 sí 2, ìyẹn àárín ìlú, ti 2025 nìyẹn, wọn kò ní yọ owó mọ́ di ọjọ́ kejì. Káàdì báńkì tí ẹ fi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀rọ náà ń kà, kò mọ ojú yín. Tí ẹ bá fi káàdì gidi wọlé láàárọ̀, tí ẹ wá fi fóònù tí káàdì kan náà wà nínú rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ́sàn-án, èèyàn méjì ló rí, ìṣírò méjì ló sì bẹ̀rẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí ẹ fi fóònù wọlé, kí ẹ fi káàdì jáde. Ìrìn àjò méjì tí kò parí nìyẹn, owó gọbọi ni wọ́n sì máa yọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ dì í mú títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Reluwé: ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ tí ẹ bá ń wọlé, ẹ fi kàn án tí ẹ bá ń jáde. Bọ́ọ̀sì: ẹ kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Ọkọ àti ìyàwó kò lè lo káàdì kan ṣoṣo. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó tó bá tẹ̀lé yín. Ẹni ọdún 11 sí 15, ẹ ra Oyster, káàdì ọkọ̀ ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, fún un, kí ẹ ní kí òṣìṣẹ́ téṣàn fi ẹ̀dínwó ọmọ àlejò sí i, ìlàjì owó ni yóò máa san. Káàdì náírà tí ẹ kò bá tíì dán wò lókè òkun, ẹ má gbára lé e lójú ẹnu ọ̀nà téṣàn tí èrò tò sẹ́yìn yín.

4. Àwòrán ọ̀nà reluwé.

Ibi tó ń bí mi nínú jù nìyí. Àwòrán aláwọ̀ mèremère tó wà lára ògiri gbogbo téṣàn, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Harry Beck ló kọ́kọ́ ya irú rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 1933. Ó yà á kó lè rọrùn láti kà, kò yà á kí ẹ fi wọn ilẹ̀. Téṣàn méjì tó jọ pé wọ́n jìnnà síra lórí rẹ̀ lè wà lójú títì kan náà. Bayswater àti Queensway rí bẹ́ẹ̀: ẹ lè dúró ní ọ̀kan kí ẹ rin ìṣẹ́jú méjì dé èkejì, ṣùgbọ́n lábẹ́ ilẹ̀ ẹ máa pààrọ̀ ọkọ̀. Leicester Square sí Covent Garden kò ju nǹkan bíi mítà 260 lọ. Síbẹ̀ àlejò á sọ̀ kalẹ̀, á dúró de ọkọ̀, á gùn ún fún ìṣẹ́jú kan, á tò síbi líìfù ní Covent Garden, tàbí kó bínú gun àtẹ̀gùn 193. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ọ̀nà yẹn lórí ilẹ̀, ní Long Acre, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún lósì. Ó sanwó, ó làágùn, kò sì rí ìlú.

Ẹ to ibi tí ẹ fẹ́ wò ní àdúgbò-àdúgbò, ọjọ́ kan fún ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Westminster, ẹ gba Whitehall dé Trafalgar Square, kí ẹ wọ National Gallery lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ tó yà sí Covent Garden. Ọjọ́ kejì, ẹ gbéra láti St Paul's, ẹ gba Millennium Bridge kọjá sí Tate Modern, ẹ tẹ̀lé etí odò lọ sí Borough Market. Kì í ṣe ọjọ́ Ajé o, wọn kì í ná an lọ́jọ́ náà. Ẹ rìn síwájú dé Tower Bridge. Afárá tó ní ilé gogoro méjì ni Tower Bridge, 1894 ni wọ́n ṣí i. London Bridge jẹ́ afárá pẹrẹsẹ tí kò ní ohun tí ẹ fẹ́ yà; àwọn tó bọ́ọ́lẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà kì í tán. Ọjọ́ kẹta, South Kensington: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá mẹ́ta kọjú síra, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, Hyde Park sì wà lẹ́yìn wọn.

Tó bá rẹ ẹsẹ̀ yín, bọ́ọ̀sì ni. £1.75 ni lọ́dún 2025, tí ẹ bá sì wọ òmíràn láàárín wákàtí kan, wọn kò ní yọ owó lé e. Bọ́ọ̀sì àwọn olùrìnàjò afẹ́ tí wọ́n ń polówó ní gbogbo ìkóríta ju £30 lọ. Bọ́ọ̀sì 15 ń gbé yín láti Trafalgar Square gba St Paul's kọjá dé Tower of London. Ẹ gun òkè, ẹ jókòó síwájú pátápátá: gíláàsì gbígbòòrò nìkan ló wà láàárín yín àti títì, ẹ̀ka igi ń gbá a bí ọkọ̀ bá yà.

Káàdì àpapọ̀ ìwọlé fún ọ̀pọ̀ ibi ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ rọra wo ìlú kò nílò rẹ̀. Kí ó tó pé owó, ẹ gbọ́dọ̀ sáré wọ ibi mẹ́ta lóòjọ́, ìdí ìrìn àjò yín sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Tí ibi gíga lẹ fẹ́ dúró sí, Sky Garden àti Horizon 22 jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gba àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé.

Ọjọ́ kẹrin, British Museum: ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ wo gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá 25, ibi tí ohun Áfíríkà wà. Ilé yìí ló ní orí idẹ Ifẹ̀ kan tí wọ́n wú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ẹ sún mọ́ ọn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ètè rẹ̀ nìkan ni kò ní. Nínú yàrá yìí náà ni àwọn idẹ Bìní tí wọ́n kó lọ ní 1897 wà. Wákàtí kan níbẹ̀ sàn ju kí ẹ sáré kọjá yàrá ọgọ́ta. Ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ lọ, tí ẹ bá lè ṣe é, wọ́n ń ṣílẹ̀kùn di aago 8:30 alẹ́.

Àwọn kéékèèké tó kù: wọn kì í sábà pààrọ̀ ẹ̀ṣọ́ ọba lójoojúmọ́ ní Buckingham Palace, ẹ wo ọjọ́ kí ẹ tó jí lọ dúró. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kì í tà ju wákàtí mẹ́fà lọ lọ́jọ́ Àìkú. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kọ orin, tó ń tan iná ní Soho, ẹ má gùn ún láìmọ iye. Ilé oúnjẹ sábà máa ń fi 12.5% kún owó yín, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Omi ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀fẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń ta ọtí, ẹ béèrè. Ihò iná wọn bá púlọ́ọ̀gì Nàìjíríà mu, ẹ má ra adapter ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ má sì dúró sí etí títì máa tẹ fóònù: àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ oníná ń já a gbà láti ẹ̀yìn, kí ẹ tó yíjú wọ́n ti lọ. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri kí ẹ tó ka àwòrán ọ̀nà.

Ẹ tún má tọ́jú rìsíìtì pé ẹ ó gba VAT padà ní Heathrow. Wọ́n ti fagi lé ìyẹn fún àlejò tó ń gbé ọjà lọ fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2021, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń ra báàgì olówó ńlá nítorí rẹ̀. Lọ́jọ́ ìpadàbọ̀, tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Heathrow pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ méjèèjì, ẹ gbé ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ kí ẹ tó jáde.