Bí Ọmọ Síkáòtù Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Gba Báàjì

Láti ọdún 1915 ni Síkáòtù, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọwọ́ àti ìwà, ti wà ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òbí n'Ílọrin àti Ọ̀fà ṣì gbà pé ká yan bí ọmọ ogun nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Báàjì ìmọ̀ọ́ṣe, àmì tí wọ́n ń rán mọ́ aṣọ ọmọ bó bá ti mọ iṣẹ́ kan ṣe, gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ fojú sí.

Ọmọ ni kó kọ́kọ́ mú èyí tó wù ú: oúnjẹ sísè, ọ̀gbìn, iṣẹ́ ọnà, ìtọ́jú ẹni tó fara pa. Ẹ má bá a mú un. Kó béèrè ohun tí báàjì náà gbà lọ́wọ́ ọ̀gá Síkáòtù rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìkòkò mímọ, àwọn ìyá amọ̀kòkò wà ní Dada, l'Ókèlélé n'Ílọrin. Bó bá jẹ́ ìtọ́jú, ẹ bá nọ́ọ̀sì àdúgbò sọ̀rọ̀. Kí òbí àti ọ̀gá Síkáòtù bá ọmọ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ ni kí ọ̀rọ̀ ti jáde: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín." Òfin kan ò ṣeé fò: ọmọ àti àgbàlagbà kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá wà níbi tí ojú ẹlòmíràn ò tó, ì báà jẹ́ ẹni táa mọ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtọ́jú ṣe àpẹẹrẹ. Kí nọ́ọ̀sì kọ́ ọ láti so báńdéèjì: ẹnu báńdéèjì ti ọ̀tún lórí ti òsì, ká yí i, lẹ́yìn náà òsì lórí ọ̀tún. Ìdì yìí máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í gún aláìsàn lára. Bí ọmọ bá fi ọ̀tún lé òsì lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìdì náà yóò tú. Ẹ jẹ́ kó tú u, kó tún un so, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Kó tún mọ̀ pé bí iná bá jó èèyàn, omi tútù tó ń ṣàn la ó da sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Kì í ṣe epo, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ẹ̀kọ́ yìí nìkan ti tó ìdí tó fi yẹ kí ọmọ wá báàjì náà.

Ẹni tó kọ́ ọ kọ́ ni kó dán an wò bí àgbà mìíràn bá wà. Kí onídàánwò má kàn bi í ní ìbéèrè. Kó ní kó ṣe é níwájú òun. Ọmọ tó ń falẹ̀ ńkọ́? Baden-Powell tó dá Síkáòtù sílẹ̀ fẹ́ kí báàjì máa wo akitiyan ọmọ, nítorí náà ẹ fún un láyè padà wá. Ẹ má fún un ní báàjì torí àánú.

Lọ́jọ́ tó bá gbà á, kó fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ aṣọ fúnra rẹ̀, kó sì wọ̀ ọ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ kó tó mú òmíràn.